Ta Ni Kí N Fa Ajá Yìí Lé Lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bùté Mẹ́tta ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń rán. Nínú òjò oṣù kẹfà, ajá kan sá wọ abẹ́ tábìlì ìránṣọ mi, ó ń tiro, eégbọn bò ó létí. Mo ní kí n fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ kan péré, ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí. Àwọn ìbejì mi sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Abo ni, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Lándílọ́ọ̀dù ti wá ní òun ò fẹ́ rí ajá nínú ọgbà òun mọ́ tí oṣù yìí bá ti parí. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp, ẹni mẹ́rin ti ní àwọn fẹ́ ẹ, ọ̀kan tiẹ̀ ń bèèrè bóyá ó sanra. Ẹ̀rù ń bà mí. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tí mo lè fún? Ṣé kí n gbowó ni àbí kí n fi tọrẹ? Àbúrò mi ní kí n kúkú dá a padà sójú títì tí mo ti rí i. (Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bùté Mẹ́tta)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹni tó ń bèèrè ọ̀rá bẹ̀rẹ̀: ẹ má fún un. Ẹ má tiẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sin ajá á bèèrè bóyá ó ń bu èèyàn jẹ, bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́, bóyá ariwo rẹ̀ pọ̀ lóru. Ẹni tó bá ń bèèrè bóyá ó sanra, ìkòkò ló ti gbé kaná.

Ẹ ò ní ṣàìmọ̀ pé àwọn tó ń jẹ ajá wà nínú ìlú yìí, 404 ni wọ́n ń pe ẹran náà. Ẹ sì mọ̀ pé ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún. Mi ò bá oníṣẹ̀ṣe jà o. Ẹni tó fẹ́ bọ ohun tí bàbá rẹ̀ bọ, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ajá ìbọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ń sùn sẹ́sẹ̀ àwọn ìbejì yín, tó ń jẹ́ orúkọ, kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ bíi pé inú ń bí mi. Wọ́n gbé ajá pupa kan wá sí ilé ìwòsàn mi ní Sùúrùlérè, mọ́tò ló gbá a. Ọ̀sẹ̀ méje la fi tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan wá, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní ọgbà òun ní Mushin fẹ̀ dáadáa. Mo gbé e fún un lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án, ṣéènì ló kù lára igi máńgòrò, bẹ́líìtì ọrùn ajá ṣì wà lẹ́nu ṣéènì náà. Ó ní ajá já, ó sálọ. Bẹ́líìtì yẹn kò já. Ẹnì kan ló fọwọ́ tú u, mi ò sì tíì rí ajá tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú bẹ́líìtì. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ tó wá gbé e, kò mú okùn wá, àpò ìrẹsì ló ká há abíyá. Mo rí àpò yẹn. Mo ní bóyá ó fẹ́ yà sọ́jà ni.

Rírí ẹni tó máa gbà á kò le l'Ékòó, ẹ ti rí mẹ́rin láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ibi tó ti le ni mímọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ yín lọ́la, ẹ ó rán èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ọkọ, ẹ ó bi àwọn aládùúgbò léèrè, ẹ ó mọ irú èèyàn tí ìyá rẹ̀ jẹ́. Alárinà Tanímọ̀la lẹ jẹ́ báyìí, ìwádìí sì ni iṣẹ́ alárinà.

Kó tó kan ìyẹn, ṣé ó dá yín lójú pé kò ní olówó? Ajá tí wọ́n bí sí ìgboro, tí kò bá èèyàn gbé rí, kì í sábà sá wọ abẹ́ tábìlì ẹni tí kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti ní ilé rí. Ẹ mú fọ́tò rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń rí gbogbo ohun tó ń kọjá ládùúgbò: fọkanáísà, mẹ́káníìkì, máígáàdì, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú pópó. Kí fọ́tò tí ẹ máa fi hàn wọ́n má ṣe gbé gbogbo ara rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ní òun ló ni ín, ẹ jẹ́ kó sọ fún yín ibi tí àmì wà lára rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ti lọ, mi ò retí pé ẹ ó rí ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹ fi ọjọ́ méjì ṣe é kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ti àbúrò yín, rárá. Láti oṣù kẹfà ni ajá yẹn ti ń jẹun lásìkò. Àwọn ajá tó wà níbẹ̀ ti pín àdúgbò láàárín ara wọn, wọn ò ní gbà á pẹ̀lú ọ̀yàyà. Á tún máa wá yín bọ̀, títì ló sì máa gbà bọ̀. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà wí nípa ajá tó rí mọ́tò tó dúró dè é: ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún. Tó bá tún rù ú là, á wá lóyún lójú títì. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá. Ẹyọ ajá kan tí ẹ dá padà lè di mẹ́fà kí ọdún tó yí.

Ó wá kan ìtọ́jú. Ẹ má tíì wá ilé fún ajá tí ẹ ò tíì mú dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, torí káàdì abẹ́rẹ́ nìkan ni ìwé tí ajá yìí máa ní láyé ẹ̀. Ẹni gidi á bèèrè rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ti dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ajá ló ń kó dìgbòlugi ran èèyàn, iye rẹ̀ sì tó 99 nínú 100. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Kòkòrò náà lè sápamọ́ sára ajá kó tó fara hàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́ta tí Tanímọ̀la ti lò lọ́dọ̀ yín fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ tán. Abẹ́rẹ́ tí a bá gún lónìí kò lè lé ohun tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, tó bá fi eyín kan ẹnikẹ́ni, kódà eyín eré, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì kọjá sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo sí i kí ẹ wá jókòó máa wò ó. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ajá sínwín tó, ó yẹ kó mọ ojú olówó rẹ̀. Mo gba òwe yẹn fún ọmọ èèyàn. Ajá tó ní dìgbòlugi kò mọ olówó, kò mọ ọmọ olówó.

Tí owó bá ṣe tín-ín-rín, ẹ fetí sílẹ̀ ní àyíká ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, Ọjọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Àwọn dókítà ẹran àti ìjọba máa ń gún abẹ́rẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn lásìkò yẹn. Abẹ́rẹ́ kejì tí à ń pè ní DHLPP ló ń dènà parvo, àrùn tó máa ń mú kí ajá bì, kó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. A ó fún un lóògùn aràn pẹ̀lú.

Eégbọn ńkọ́? Mo bẹ yín, ẹ má fi òtápiápiá pa á lára. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má gbé ajá kan wá bá mi tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí olówó rẹ̀ ń ní “Dókítà, eégbọn ni mo fẹ́ pa o.” Awọ ara ni oògùn yẹn ń gbà wọlé, ajá á tún fi ahọ́n lá ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì dúdú tí mẹ́káníìkì ti lò tán, tí wọ́n ń fi pa ajá tí ara ń yún lára. Oògùn tó bá a mu wà, kò sì wọ́n tó owó tí ẹ máa fi tọ́jú májèlé. Ohun kan wà tí ẹ lè fi ojú ara yín wò lálẹ́ yìí: ẹ rọra ká ètè rẹ̀ sókè. Tí èrìgì rẹ̀ bá pọ́n bíi ti inú ẹnu yín, ó dáa. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ, ẹ má dúró de Sátidé, eégbọn ti mu ún lẹ́jẹ̀ jù tàbí ó ti kó àrùn sí i lẹ́jẹ̀.

Kí ẹ tún jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò tíì lóyún. Tí oyún kò bá sí, tí agbára sì ká a, ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má bímọ mọ́. Àwọn kan á ní ìkà ni. Èmi ní ìkà ni ọmọ ajá mẹ́fà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà Oyíngbò. Ó tún ní àǹfààní kan fún ẹ̀yin alárinà: ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìbímọ kó lè máa ta ọmọ rẹ̀ á yẹra fúnra rẹ̀ tó bá ti gbọ́.

Nípa ibi tí ẹ ti máa wá ẹni tó máa gbà á, èrò tèmi ni pé WhatsApp ló yẹ kó kẹ́yìn. Àwọn oníbàárà yín ńkọ́? Wọ́n ń wá wọn ara wọn lọ́dọ̀ yín, wọ́n ti rí Tanímọ̀la lẹ́nu ọ̀nà ní ìgbà mélòó, ó ti gbóòórùn wọn. Ajá tí mo ti fà lé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́, mi ò rántí èyí tí wọ́n dá padà nínú wọn. Ẹ bi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bi ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Tí ẹ bá ní ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bèèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ itọ́ ajá níbi tí wọ́n ti ń kírun, síbẹ̀ àwọn tó ń sin ajá sí ẹ̀yìnkùlé láti ṣọ́ ilé wà láàárín wọn. Tí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Ajá tí wọ́n gbà tìtìjú-tìtìjú kì í rójú.

Àwọn kan á ní lókà ni, ajá ilẹ̀ wa lásán, pé Alsatian, ajá òyìnbó ńlá yẹn, làwọn ń wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Alsatian á máa mí hẹlẹhẹlẹ nínú ooru Èkó bí ẹni tó sáré dé láti Ọ̀tà, oúnjẹ rẹ̀ nìkan tó owó ilé ìwé. Ajá ilẹ̀ wa yìí, irun rẹ̀ kò pọ̀, ìrẹsì àti orí ẹja tó o, kò sì sí ẹni tó máa gun fẹ́ǹsì lóru tí kò ní gbọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ síta, ẹ má kọ “lọ́fẹ̀ẹ́” sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń pe aláàpò ìrẹsì. Ẹ kọ irú èyí, kí ẹ yí ohun tí kò bá bá a mu padà: “Tanímọ̀la, abo, bí ọdún kan àbọ̀. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, káàdì rẹ̀ wà. Ó fẹ́ràn ọmọdé. Ó máa ń lé ọ̀kadà tí okùn bá tú. Kò bá adìẹ gbé rí. Lándílọ́ọ̀dù ni kò jẹ́ ká lè dá a dúró. A máa wá wo ilé yín ká tó fà á lé yín lọ́wọ́.” Ẹ má fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá kà á pé ó ń lé ọ̀kadà tó ṣì pè yín, ẹni yẹn ti ń ronú bó ṣe máa bá a gbé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ojúmọmọ, kí ọ̀kan nínú ìbejì dúró tì í, kí wọ́n lè rí bó ṣe ga tó, kí ojú ọmọ má ṣe hàn.

Owó: ẹ gbà á. Kò ní ju iye tí ẹ san fún abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn lọ, kí ẹ sì fi ìwé owó náà hàn wọ́n. Èrè kọ́ lẹ ń wá. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí tó fẹ́ tún un tà kì í fẹ́ sanwó abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa ń dà bí ìwà ahun lójú ẹni tó láàánú, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí asẹ́ tó dára jù ú lọ.

Àwọn mẹ́ta tó kù lórí WhatsApp yẹn, ẹ bi wọ́n: ibo ló máa sùn? Ta ló máa fún un lóúnjẹ tí ẹ bá rìnrìn àjò? Ajá tí ẹ ní kẹ́yìn, kí ló ṣe é? Ìbéèrè kẹta yẹn ló lágbára jù. Ẹni tí ajá rẹ̀ mẹ́ta ti “sọnù” láàárín ọdún méjì, kẹ́rin máa sọnù. Ẹni tó ní ó kú sí òun lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, tí ohùn rẹ̀ yí díẹ̀, ẹ fún un ní tíì kó mu. Mi ò ní fún ẹni tó ń wá ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ọmọ ọdún márùn-ún, mi ò ní fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé họ́sítẹ̀ẹ̀lì, mi ò sì ní fún ẹni tó fẹ́ so ó mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, torí tí ilé bá parí, ajá náà parí nìyẹn. Ẹni tó ní òun fẹ́ kó ṣọ́ ilé, kò burú, Èkó nìyí. Ẹ ṣáà bèèrè bí okùn rẹ̀ ṣe máa gùn tó, àti ìgbà tí wọ́n máa ń tú u.

Ẹ lọ wo ilé náà fúnra yín, ẹ má lọ nìkan. Ẹ wo ìsàlẹ̀ géètì bóyá àyè wà tí ajá lè gbà jáde, ẹ wo bóyá ojú títì ló kọjú sí. Ẹ bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Ìyàwó tó dákẹ́ ní kọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ ń rojọ́, òun ló máa da omi gbígbóná sí ajá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Tó bá jẹ́ ilé àyágbé, ẹ bèèrè ẹnu lándílọ́ọ̀dù tiwọn náà, kó má di pé ohun tó lé yín ló tún máa lé wọn. Ẹ kọ ìwé pélébé kan: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àti ìlà kan tó sọ pé tí wọn ò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ yín ló ń padà sí. Kò sí kóòtù tí mo ń gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe màdàrú kì í fẹ́ fọwọ́ síwèé, ìyẹn nìkan tó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń mú un lọ, ẹ wọ kèkẹ́ Márúwá kí ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Okùn méjì ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, ọ̀kan lè já. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sára bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Ẹ mú ègé aṣọ kan dání láti abẹ́ tábìlì ìránṣọ yẹn, kó lè máa gbóòórùn ilé. Kí wọ́n fi oúnjẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ yín bẹ̀rẹ̀, egungun adìẹ sísè kò sí níbẹ̀ o, ó máa ń fọ́ ṣẹ́ṣẹ́rẹ́ lọ gún ìfun. Kí wọ́n má tú u sílẹ̀ nínú ọgbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ajá máa ń sá padà. Ó lè má jẹun fún ọjọ́ méjì. Lójú tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rù fi ń bà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń mọ ìlànà ilé, oṣù mẹ́ta ló fi ń gbà pé ilé òun nìyí. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí ìparí oṣù Kejìlá: nọ́káòtù tí àwọn ọmọ ń yìn nígbà ọdún ti lé ajá tó gbélé pẹ́ jáde, áńbọ̀sìbọ́sí àlejò. Tí wọ́n bá yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ má bínú, á dáhùn sí tuntun kí oṣù tó pé.

Ti lándílọ́ọ̀dù tiyín. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ dání, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún oṣù kan sí i. Ohun tó ń bà á lẹ́rù lè jẹ́ dìgbòlugi lásán, káàdì yẹn á sì bá yín sọ̀rọ̀. Tó bá kọ̀ jálẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn ẹran kan ń gba ajá sílé fún owó ojoojúmọ́, ẹnì kan tí ẹ mọ̀ sì lè bá yín tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbà á pátápátá. Àwọn tó ń kó ajá tí kò nílé jọ l'Ékòó kò pọ̀. St. Mark's Animal Rescue Foundation jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó lọ, torí irú ibẹ̀ máa ń kún, ẹ má sì lọ so ó mọ́ géètì ẹnikẹ́ni lóru.

Ẹ gbé e wá lárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Kí ìbejì kan tẹ̀ lé yín láti bá mi di orí rẹ̀ mú, kí èkejì mú tọ́ọ̀ṣì dání. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti fẹ́ kọ́kọ́ wo eégbọn, iná kì í sì í sábà sí ní aago mẹ́jọ.